Yàrá Ìlẹ̀kùn Méjì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fẹ́ràn ohun tí ó bá lọ́wọ́ mi. Ó wá wò mí láti Òkìtìpupa, ó gbé òkèlè pupuru àti ẹja gbígbẹ wá, nítorí ó gbà pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kì í rántí jẹun. Ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù lọ́wọ́ mi, tí mo ń fi àtàǹpàkò méjèèjì darí ọkùnrin kúkúrú kan káàkiri inú yàrá tí omi ń kún. “Géèmù?” ni ó wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń jẹ erùpẹ̀. “Ẹsẹ̀ àwọn tó wá sin Wùmí kò tíì gbẹ lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ń gbá géèmù. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wọlé ńkọ́?” Mo ní kí wọ́n wọlé, àga wà. Ó ní kí n di aṣọ Wùmí, kí n pín in fún àwọn ẹbí rẹ̀, kí n ti ilé yìí pa, kí n lọ bá ọmọ mi ní Àkúrẹ́, nítorí bí ènìyàn bá ti kú, ohun tó kù fún alààyè ni kí ó sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó máa lọ. Mo dá a lóhùn pé mi ò sọ ẹrù kankan kalẹ̀, àti pé yàrá kan wà tí mi ò tíì là kọjá. “Yàrá wo?” ni ó bi mí, ó sì yí ojú ká yàrá tí a jókòó sí. Ilé ọkọ ni ó wà ní ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀; kò bá wa níbẹ̀. Kò sì sí bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ ọ́ tán kí pupuru tó tutù. Ohun tó mú mi jókòó kọ ọ́ nìyẹn.

Orí omi ni ilé wa wà, ní ìsàlẹ̀ Òde Mahin, lórí òpó igi ẹ̀gbà tí bàbá bàbá mi rì mọ́ ẹrẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ a gbọ́ ohùn omi kí ó tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Omi a máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá òpó lábẹ́ ẹní wa, pó, pó, pó, bí ẹni tó mọ̀ pé a wà nílé. Bí ó bá kún, ohùn rẹ̀ a nípọn. Bí ó bá fà, ẹrẹ̀ a máa mí, alákàn a máa họ igi. Pákó ilẹ̀ náà ní ohùn tirẹ̀, mo sì lè dijú kí n mọ ẹni tó ń bọ̀. Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, a máa rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí lóòótọ́ ni ọkọ̀ ọjà Ìgbókòdá fẹ́ fi í sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìyé Àgbà, ìyá bàbá mi, a máa tẹ pákó bí ẹni tó ń dán an wò bóyá ó ṣì gbọ́ràn. Bàbá mi kì í sábà sí nílé. Ó wà ní Abereke pẹ̀lú àwọ̀n rẹ̀, níbi tí òkun ti là gbalasa. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù láàárọ̀, kí n sì máa yí ṣawá lórí iná èéfín kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa jó kí èkejì tó gbẹ. Èéfín ẹja wà nínú aṣọ wa, nínú irun wa, nínú ìwé wa. Nígbà tí mo dé yunifásítì, ọmọ kan tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n fọ àpótí mi nítorí ó ń rùn. Mo ní imú rẹ̀ ni kí ó lọ fọ̀. Mi ò fọ àpótí náà títí mo fi jáde.

Bọ̀dá Sùnkànmí, àbúrò bàbá mi, ni ó gbé géèmù náà wọ ilé. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun, ẹnìkan tó fẹ́ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì fún un ní tẹlifíṣàn kékeré kan, ẹ̀rọ géèmù dúdú kan, àti kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan ṣoṣo. Lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi kọ orúkọ sí ara kásẹ́ẹ̀tì náà, kò sí ẹni tó lè kà á. Àwòrán ọkùnrin kúkúrú kan tó dé fìlà pupa wà níbẹ̀, àwa sì sọ ọ́ ní Bàbá Onífìlà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyí. Ìsàlẹ̀ yàrá ni Bàbá Onífìlà máa ń wà, òkè ni ìlẹ̀kùn máa ń wà, omi a sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti ilẹ̀. Àpótí onígi kan wà nínú yàrá náà tí ó lè gbé rù. Yóò gbé e sí ibi tó yẹ, yóò gun orí rẹ̀, yóò fi dé pẹpẹ òkè, yóò sì bọ́ sí yàrá tó kàn. Bí ó bá ru àpótí, ó ń rìn bí aboyún; omi kì í sì í dúró dè é. Bí omi bá kàn án lẹ́sẹ̀ pẹ́rẹ́, ó kú.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan án, Ìyé Àgbà dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, ó ń wò ó. Bàbá Onífìlà yí gbirigbiri, ó kú.

“Kí ló pa á?”

“Omi ni, Ìyé,” ni Bọ̀dá Sùnkànmí wí.

“Omi tí kò dé orúnkún?”

“Kò mọ̀wẹ̀ ni.”

“Kò mọ̀wẹ̀! Arúgbó tó ti hu irùngbọ̀n! Ta ni ìyá rẹ̀?” Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn. “Igi kọ́ ni àpótí yẹn? Kí ló dé tó fi rì?”

“Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Ìyé.”

“Igi rì, àgbàlagbà kò mọ̀wẹ̀.” Ó fi ìgbákọ tọ́ka sí i. “Ẹni tó ṣe nǹkan yìí kò fojú kan omi rí. Bí o bá rí i lójú òkun, bá mi sọ fún un.”

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ, ohun tó sì ń pa wá nínú géèmù náà nìyẹn. Ọmọ orí omi ni wá. Bí omi bá dé, ọwọ́ wa a kàn tẹ bọ́tìnnì kí Bàbá Onífìlà fò sínú rẹ̀, nítorí ibi tí ara wa mọ̀ nìyẹn. Bí omi bá ń lé e, a ó gbé e lé orí àpótí, a ó dúró kí igi gbé e léfòó, igi a sì rì bí òkúta, a ó tún pariwo bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. A mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ọwọ́ wa ni kò gbà. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ilé ìwé, ọmọ Èkìtì, tó máa ń fi ìdí wọ́ lórí afárá pákó bí omi bá kún, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ta wá yọ. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bẹ̀rù omi!” ni ó ń kígbe. “Ẹ ṣe bíi tèmi!” Ìyé Àgbà ní, “Tíṣà, inú omi yẹn mà ni ẹja tí o ń jẹ ti ń wá.” Tíṣà ní, “Mo mọ̀, Mà. Inú àwo ni mo fẹ́ kí a ti máa pàdé.”

Ohun tó wá burú jù ni pé géèmù náà kì í rántí ènìyàn. Bí iná bá kú, bí jẹnẹrétọ̀ bá mu epo tán, gbogbo ibi tí o ti dé ti parun. Yàrá àkọ́kọ́ ni o ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyé Àgbà kò pẹ̀tù sí mi. Ó ní, “Ọma mi, òpó àkọ́kọ́ kì í ti ojú ẹni tó ń kọ́lé.” Mo rò pé ó kàn ń pa òwe ni. Ọmọdé kò mọ̀ pé àwọn àgbà kì í sábà kàn pa òwe lásán.

Ọdún yẹn náà ni odò dàrú. Mi ò ní ro ẹjọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ìbá jẹ́rìí ní ìhà méjèèjì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ àti lábẹ́ omi. Àwa àti àwọn aládùúgbò wa tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, tí a jọ ń pẹja, tí a jọ ń fẹ́ ọmọ ara wa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn wá ara wa kiri. Ohun tí ọmọdé fi mọ̀ ni etí. Tẹ́lẹ̀, bí a bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lókèèrè, a ó sáré síta láti mọ ohun tí ẹni náà rà bọ̀. Ní ọdún yẹn, bí ẹ́ńjìnnì bá dún, àwọn obìnrin a fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ, gbogbo pákó ilé a dákẹ́. Ìyé kò lè lọ sí ọjà mọ́ bí ó ṣe fẹ́. Oúnjẹ fúyẹ́, pupuru àti ata àti ede díẹ̀ ni, Ìyé Àgbà a sì máa bu tirẹ̀ kẹ́yìn pẹ̀lú ojú tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n. Bọ̀dá Sùnkànmí ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án kí àwọn àgbà lè gbọ́ ìròyìn, ìyókù epo tó bá ṣẹ́ kù ni tiwa. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé kí a kúrò, kí a lọ sí Òkìtìpupa lórí ilẹ̀. Ìyé Àgbà ní orí ilẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lóru, òun kò lè sùn níbi tí ilẹ̀ ti yadi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Wùmí àti ìyá rẹ̀ dé láti Awoye. Ọkọ̀ wọn wọ inú omi tó bẹ́ẹ̀ tí a rò pé ó ń rì. Nígbà tó sún mọ́, a rí i pé pákó ni ó kún inú rẹ̀, pákó ilé, tí ìṣó ṣì wà lára òmíràn. Lórí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dùbúlẹ̀ ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n kùn ní búlúù, ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi kan sì jókòó lé e lórí bí ìyàwó tuntun, àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin afárá wa bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Wùmí! Ogun ń lé yín, ẹ ń ru ìlẹ̀kùn!”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” ni obìnrin náà wí, ó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó wa láìtọrọ àyè. “Kí ogun tó lé mi ni òkun ti lé mi. Ó jẹ abẹ́ ilé mi, mo tú u, mo sún sẹ́yìn, mo tún un kọ́. Ó tún jẹ ẹ́, mo tún tú u. Ẹni tó ń kó ilé kì í fi pákó sílẹ̀. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.”

Ìyé Àgbà ti jáde. Ó wo ìlẹ̀kùn náà, ó wo obìnrin náà. “Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀,” ni ó wí. “Ẹni tó gbé ìlẹ̀kùn wá kì í ṣe àlejò. Onílé ni.”

Báyìí ni wọ́n ṣe di ará ilé wa, báyìí sì ni Wùmí ṣe jókòó lẹ́yìn mi níwájú tẹlifíṣàn. Ó kàn ń wò mí bí mo ṣe ń kú. Ibi tí gbogbo wa ti ń kú nígbà náà ni yàrá tí a sọ ní Yàrá Ìlẹ̀kùn Méjì. Kò sí ẹni tó gun òkè rẹ̀ rí. Ògiri rẹ̀ ga, ìlẹ̀kùn méjì wà lórí pẹpẹ òkè, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, yàrá náà sì ṣófo bí ìkòkò tí a fọ̀: kò sí àpótí kankan nínú rẹ̀. Bọ̀dá Sùnkànmí ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó fún un ní géèmù pé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn náà ń lọ síwájú, èkejì ń dá ènìyàn padà sí yàrá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà kò sọ èyí tó jẹ́. Nítorí náà, àríyànjiyàn wa lójoojúmọ́ dá lórí ìlẹ̀kùn tí ọwọ́ wa kò lè tó. Bọ̀dá ní àwọ̀ ewé ni, èmi ní pupa ni. Tíṣà ní kásẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́, kí a gbà á fún Ọlọ́run. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Tíṣà fi wọ ọkọ̀ padà sí Èkìtì. Ó ru ìwé rẹ̀ lórí, ó ń kí wa, kò sì yọ ojú kúrò lára omi.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń fi àpótí sílẹ̀?” ni Wùmí bi mí lọ́jọ́ kan.

“Àpótí wo?”

“Ti yàrá tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. O gun un tán, o fi í sílẹ̀ kí omi gbé e mì.”

“Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Mo ti gun un tán.”

“Mo ti gun un tán,” ni ó sín mi jẹ. “Ọmọ Mahin! Bí wọ́n bá ń lé yín, ẹ ó dé ibi tí ẹ ń lọ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Sún kúrò níbẹ̀.”

Ó gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi. Ní yàrá tó ṣáájú Yàrá Ìlẹ̀kùn Méjì, ó gun àpótí dé pẹpẹ, kò wọlé; ó yí Bàbá Onífìlà padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí náà sókè kí omi tó bò ó, ó gbé e rù. Mo kígbe pé omi ti dé. Ó kú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti lọ́jọ́ kejì, àti ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó ru ẹrù kì í yára, epo wa náà kò sì tó nǹkan. Mo bínú sí i. Mo ní ó ń fi epo wa ṣòfò. Ó ní epo tí èmi fi ń kú ní ìrọ̀rùn ńkọ́? Ó ń kú, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́, kò sì sọ àpótí yẹn sílẹ̀ rí. Èmi tí mo bá a gbé títí ó fi fi mí sílẹ̀ mọ̀ pé bí ó ṣe rí nìyẹn nínú gbogbo nǹkan. Àwọn ènìyàn pè é ní olóríkunkun. Wọn kò rí ibi tó ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ tí ó ṣe é, oòrùn ń mú, omi kún dé ọrùn òpó. Ó ru àpótí wọ Yàrá Ìlẹ̀kùn Méjì. Ó gbé e kalẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ, ó gun un, ó dé òkè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí náà sókè. Mo ti ń fò. Bọ̀dá Sùnkànmí sáré wọlé. Bàbá Onífìlà dúró láàárín ìlẹ̀kùn méjèèjì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, omi ń bọ̀ nísàlẹ̀. “Àwọ̀ ewé!” ni Bọ̀dá ń wí. “Pupa!” ni èmi ń wí. Wùmí sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó wo ìlẹ̀kùn kan, ó wo èkejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àwọ̀ ni ẹ̀ ń wò? Mo ti mọ èyí tó jẹ́.”

“Èwo?”

Ẹ́ńjìnnì dún lójú omi. Bọ̀dá Sùnkànmí fò síta, ó pa jẹnẹrétọ̀. Àwòrán náà súnkì, ó di àmì funfun kékeré kan láàárín òkùnkùn, ó sì lọ.

Kì í ṣe ọ̀tá ni ó dé. Ẹnìkan tí wọ́n rán láti Òde Mahin ni, kò tilẹ̀ so ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti jó àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀ wa, kí a kúrò kí omi tó fà, nítorí bí omi bá fà, ọkọ̀ tó kún kò ní lè la ẹnu odò kékeré kọjá. Gbogbo abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọmọ sínú ọkọ̀. Ìyé Àgbà jókòó lórí àpótí ìdáná rẹ̀, kò mira. Bọ̀dá Sùnkànmí kúnlẹ̀. “Ìyé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dìde, kí a sá.”

“Ta ni kí ó sá? Kí n sá kúrò nínú ilé mi bí olè?” Ó wo ìyá Wùmí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tí àwọn obìnrin méjèèjì fi ojú sọ fún ara wọn. Ìyé Àgbà wá dìde. “Mi ò sá o. Mo ń kó ilé. Sùnkànmí, gbé òòlù.”

Àwọn aládùúgbò ń kígbe sí wa pé orí wa ti dàrú. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. A ń gbọ́ ọ lábẹ́ wa, ohùn rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá Wùmí mọ bí wọ́n ṣe ń tú ilé láìjẹ́ kí pákó là. Ó ń fi ọwọ́ hàn, Bọ̀dá ń yọ ìṣó, èmi àti Wùmí ń gbé e lọ bá Ìyé nínú ọkọ̀. Ògiri yàrá kan ni a rí tú, àti ìlẹ̀kùn búlúù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ ọkọ̀, Bọ̀dá Sùnkànmí gbé tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ géèmù jáde, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Ìyé Àgbà bi í pé, “Ṣé ìyẹn ń léfòó?”

“Rárá, Ìyé.”

“Jẹ́ kí ó dúró, kí ó bá onífìlà tí kò mọ̀wẹ̀ ṣọ́ ilé.”

Àwa ọmọ méjèèjì sunkún. A kò sunkún nítorí ogun. A sunkún nítorí ìlẹ̀kùn. Bí a ṣe la ẹnu odò kékeré kọjá, ìdí ọkọ̀ wa ń fi ara họ ẹrẹ̀, a bojú wẹ̀yìn, a rí èéfín. Kì í ṣe èéfín ẹja. Wùmí fẹnu sí mi létí, ó ní, “A ó padà síbẹ̀.” Mo rò pé ilé ni ó ń sọ. Mo bi í. Ó ní, “Àti ilé.”

A sì padà. Nígbà tí odò rọ̀, tí àwọn ọmọ ìyá tó ń para wọn rántí pé ẹja kan náà ni wọ́n ń wá, a padà bá òpó dúdú tó dúró nínú omi bí eyín arúgbó. Àwọn kan wò ó, wọ́n yí ọkọ̀ padà. Ìyé Àgbà ní kí bàbá mi, tó ti kúrò ní Abereke wá bá wa, ri òpó kan. Ó rì í. Ó ní kí wọ́n ri èkejì. A gbé ògiri kan tí a kó lọ dúró, a fi ìlẹ̀kùn búlúù sí i, kí òrùlé tó wà, kí ògiri mìíràn tó wà. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá a rí ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tó dúró lójú omi, arúgbó obìnrin kan a sì ṣí i, a jáde láti inú rẹ̀, a sì kí i. Àwọn ènìyàn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. A dáhùn ìkíni wọn.

Ilé náà ni mo ti fẹ́ Wùmí. Ìlẹ̀kùn náà bá wa dé Ìgbókòdá nígbà tí iṣẹ́ gbé wa wá síbí; òun ni ó wà lẹ́nu yàrá wa báyìí, ó ga ju férémù rẹ̀ lọ díẹ̀, kì í sì í tì dáadáa. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, mi ò yé bi í léèrè. Èwo ni? Mo bi í lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo bi í nígbà tó ń rọbí Dúpẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ sílẹ̀ lé mi jáde. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: “Bí a bá padà débẹ̀, ojú ìwọ náà á rí i.” Nígbà tí àìsàn náà ti mú ẹran ara rẹ̀ lọ, tí a jọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo tún bi í. Ó lajú. “O fẹ́ gba ẹ̀bùrú,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti rẹ́rìn-ín níwájú tẹlifíṣàn lọ́jọ́ náà. Mi ò tún bi í mọ́.

Dúpẹ́, ọmọ wa, ni ó bá mi wá géèmù náà rí lẹ́yìn tí a sin Wùmí. Mo ya ọkùnrin kúkúrú onífìlà kan fún un, mo ṣàlàyé omi àti àpótí, ó sì wá a láàárín àwọn géèmù àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ó fi rí i, ó fi sórí fóònù mi. Ó fi bí mo ṣe lè pa ibi tí mo dé mọ́ hàn mí, kí n má bàa máa bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́. Mo ní kí ó mú un kúrò. Ó ní àwọn ènìyàn ti kọ ojútùú gbogbo yàrá síta, kí n kàn kà á. Mo ní bí ó bá kà á, kí ó má ṣe wá sí ilé mi. “Ẹ̀yin àti Màmá,” ni ọmọ náà wí, “ẹ jọ ra oríkunkun yẹn ní ìsọ̀ kan náà ni.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kú. Ọwọ́ mi ti le, ojú mi kò ríran tó tẹ́lẹ̀, ara mi sì tún fẹ́ fò sínú omi bíi ti ọmọdé. Mo ń bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́. Kò tì mí lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi sùn sọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀, ẹrù rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Òkìtìpupa. Ó wá jókòó tì mí láìpè é. Mo wà ní yàrá tó ṣáájú Yàrá Ìlẹ̀kùn Méjì nígbà náà, mo ti gun àpótí tán, mo sì yí padà láti fà á sókè.

“Fi àpótí yẹn sílẹ̀, omi ti dé!” ni ó kígbe.

“Mi ò fi í sílẹ̀.”

“Yóò pa á!”

“Kí ó pa á.”

Kò pa á. Mo ru àpótí wọlé. Mo gbé e kalẹ̀, mo gun un, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fà á sókè, mo sì dúró síbi tí Wùmí dúró sí, láàárín ìlẹ̀kùn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti di apá mi mú. Omi ń gòkè. Mo kọ́kọ́ wo àwọ̀, bí mo ṣe ń wò ó láti ìgbà èwe. Lẹ́yìn náà mo wo Bàbá Onífìlà pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, mo sì wo àtẹ́rígbà. Ìlẹ̀kùn pupa kúrú. Ọkùnrin náà nìkan, láìru àpótí, ni ó lè gbà á wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rù kalẹ̀ kí ó tó kọjá. Ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ga. Ó ga tó Bàbá Onífìlà, ó sì tún ga tó àpótí rẹ̀.

Mo ru àpótí mi gba ibẹ̀.

“Ó ti parí?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí, nítorí gbogbo fóònù náà ti ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ tàn. Yàrá mìíràn ni, ògiri rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí àpótí nínú rẹ̀ bí kò ṣe èyí tí a rù wá, mi ò sì mọ ẹni kan tó dé ibẹ̀ rí láti ilé wa. Omi ti ń yọ ní ilẹ̀.

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó wé gèlè rẹ̀, ó kọjá níwájú yàrá wa. Aṣọ Wùmí wà lórí ìkọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kùn búlúù ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bí ó ti máa ń rí. Ó dúró wò ó. Ó ní, “Ìwọ kò ní di aṣọ yìí, àbí?”

Mo ní, “Rárá.” Mo sì gbé àpótí náà rù.